Pákó Kẹfà Iwájú Ilé Yèyé

Nígbà tí mo délé lẹ́nu àìpẹ́ yìí, àwọn ọmọ abúlé sáré wá pàdé mi létí omi, wọ́n ní kí n wá wo nǹkan tuntun. Ọ̀nà kọnkéré ni. Agbaṣẹ́ṣe kan ló wá ṣe é, ó gùn láti ẹ̀bá òkun títí dé òpin abúlé, ó ní irin ìdìmú lọ́tùn-ún lósì, wọ́n sì kùn ún ní funfun. Ó dára lójú, n ò ní purọ́. Mo bọ́ bàtà mi, mo bẹ̀rẹ̀, mo fi gìgísẹ̀ rẹ̀ kan ọ̀nà náà lẹ́ẹ̀mẹta, mo dẹtí. Àwọn ọmọ bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀kan ní, "Mọ́mì, ṣé ilẹ̀kùn lẹ̀ ń kàn ni? Ta lẹ fẹ́ kó dá yín lóhùn?" Èmi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ mi kọ̀, kò gbé. Níbi méjì, kọnkéré yẹn dún bí ìkòkò òfìfo. Mo bi wọ́n pé ta ló ń yẹ̀ ẹ́ wò. Wọ́n ní ìjọba ni. Mo ní ìjọba wo ló ń sùn níbí? Wọn ò mọ ohun tí mò ń sọ, ẹ̀bi wọn sì kọ́. Nígbà tiwa, ẹni tó bá ń rìn lọ́nà abúlé mọ orúkọ ẹni tó gbẹ́kẹ̀ lé ní gbogbo ibi tó bá gbé ẹsẹ̀ lé. Èmi tí ẹ ń wò yìí ni mo kọ́kọ́ ba ìyẹn jẹ́. Ó sì yẹ kí n sọ ọ́ kí n tó gbàgbé, torí mo ti ń wá gíláàsì ojú mi kiri nígbà tó wà lójú mi.

Ọ̀dọ̀ Yèyé, ìyá tó bí bàbá mi, tí àwọn ará abúlé ń pè ní Ìyá Ayọ̀, ni mo gbé dàgbà. Bàbá àti ìyá mi ń pẹja lápá Kamẹrúùnù, èmi àti Yèyé nìkan la wà nínú ilé pákó gíga náà, omi lábẹ́, omi níwájú, omi lẹ́yìn. Ohùn àkọ́kọ́ tí mo máa ń gbọ́ bí mo bá jí ni omi tó ń gbá òpó ilé pẹ́lẹ́pẹ́lẹ́, lẹ́yìn náà ikọ́ Yèyé, lẹ́yìn náà igi ìdáná tó ń ta pàrà lábẹ́ ààtẹ tí a fi ń yan ẹja. Èéfín yẹn wà lára aṣọ wa, ó wà nínú irun wa, ó wà nínú pupurú ẹ̀gẹ́ tí à ń jẹ. Èmi ni mo ń gbálẹ̀, èmi ni mo ń bu omi òjò inú dúrọ́ọ̀mù, torí omi òkun ti wọ inú odò, kò ṣeé mu. Yèyé á jókòó ti ẹja rẹ̀, á máa fi ẹnu ṣe ìyókù iṣẹ́ ilé. "Mojí, ẹni tó bá da omi síwájú á tẹ ilẹ̀ tútù," lá wí, èmi náà á dá a lóhùn nínú ikùn mi pé ilẹ̀ wo ni, nígbà tí gbogbo ibi jẹ́ omi. N kò jẹ́ sọ ọ́ síta. Ọwọ́ Yèyé gùn ju ẹnu mi lọ.

Ilé mẹ́tàdínlógún ló wà lábúlé wa, lọ́nà Awoye, kò sì sí ilẹ̀ gbígbẹ láàárín wọn. Afárá pákó ló so wá pọ̀. Ẹnì kan ò ni afárá náà lódindi. Ilé kọ̀ọ̀kan ló ni iwájú tirẹ̀. Tiwa jẹ́ pákó fífẹ̀ mẹ́tàlá, tí a tò ní ìdábùú lé orí igi gígùn méjì. Láràárọ̀, bí ojú bá ti ń mọ́, ọmọbìnrin ilé kọ̀ọ̀kan á mú àjẹ̀ tí a fi ń wa ọkọ̀, á fi ìdí rẹ̀ kan pákó iwájú ilé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tó bá yè á dún kàn! Èyí tó bá ti jẹrà nínú tàbí tó ti sán á dún pọ̀, bí ìgbà tí a lu tìmùtìmù. Bí ilé kan bá parí, ilé tó tẹ̀ lé e á bẹ̀rẹ̀, láti ẹ̀bá òkun títí dé òpin abúlé. Bí pákó rẹ bá dún pọ̀, wọ́n á so màrìwò sí ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin iwájú ilé rẹ, gbogbo ayé á máa wọ ọkọ̀ yí ọ ká títí o fi máa pààrọ̀ rẹ̀. Kò sí ìtìjú tó tó màrìwò yẹn. Wọn kò tíì so ó mọ́ wa rí, Yèyé sì ń fi í yangàn. Lọ́sẹ̀ tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀ gan-an, wọ́n so ó mọ́ iwájú ilé Ìyá Bọ̀dé, aládùúgbò wa, Yèyé sì dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó ní, "Ẹni tí kò lè tọ́jú pákó, ṣé ọmọ ni yóò rí tọ́?" Ìyá Bọ̀dé ń fi ìṣó kan pákó tuntun mọ́lẹ̀ lọ́wọ́. Ó gbójú sókè wò ó, ó sì ń kàn án lọ.

Ẹni tó fẹ́ràn kíkàn yẹn jù lọ kò ríran. Àfáà Sùlé ni gbogbo wa ń pè é. Ìdílé rẹ̀ nìkan ni mùsùlùmí lábúlé wa, wọ́n ń ta okùn àti àwọ̀n, ilé wọn sì ni àkọ́kọ́ lẹ́bàá òkun. Mọ́ṣáláṣí kékeré tí wọ́n fi imọ̀ ọ̀pẹ kọ́ wà ní òpin abúlé lọ́hùn-ún, kó sì tó débẹ̀, ilé mẹ́rìndínlógún ló gbọ́dọ̀ kọjá. Bí àkókò ìrun àílà bá tó lọ́sàn-án, á gbé kẹ́tùlù àlùwàlá sí ọwọ́ kan, tẹ̀sùbáà sí ọwọ́ kejì, á máa lọ gbọnrangandan bí ẹni tó ń wo ọ̀nà. Ọmọ rẹ̀ ra ọ̀pá fún un láti Ìgbókòdá, ó fi há àjà. "Ọ̀pá kẹ̀?" ló wí. "Odidi abúlé ti kan ọ̀nà fún mi láàárọ̀, kí ni mo tún fẹ́ máa fi ọ̀pá wá kiri?" Lóòótọ́, á ti jókòó sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ láti àfẹ̀mọ́júmọ́, á máa ka kíkàn wa láti ilé dé ilé, torí ohùn igi máa ń rìn jìnnà lórí omi. Bí mo bá lọ ra okùn lọ́dọ̀ rẹ̀, á ní, "Mojí, o ò jẹun alẹ́ àná yó. Ọwọ́ rẹ rọ nígbà tí o dé orí kẹwàá." Mo máa ń rò pé àǹjọ̀nnú ló ń sọ fún un.

Yèyé ti ṣòfin pé a kò gbọ́dọ̀ fò lórí afárá. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ó lọ kí ẹnì kan tó bímọ, mo ní ilé wà fún èmi nìkan nìyẹn. Mo ń ṣe tẹ́ń-tẹ́ń, èmi nìkan, torí àwọn ẹgbẹ́ mi ti borí mi nínú eré náà lọ́jọ́ tó ṣáájú, ó sì ń dùn mí. Mo fò, mo pàtẹ́wọ́, mo ta ẹsẹ̀ síwájú, mo balẹ̀ lórí pákó kẹfà. Ó ké. Kì í ṣe igbe ńlá, igbe bí ti ọmọ ológbò. Mo wò ó lókè, n kò rí nǹkan kan. Mo sọ̀ kalẹ̀ sínú omi, mo wọ abẹ́ rẹ̀, mo gbójú sókè. Ó ti sán láti etí kan dé èkejì, ẹnu rẹ̀ yà, ìmọ́lẹ̀ díẹ̀ ń gba ibẹ̀ wọlé. Ohun tí mo kọ́kọ́ rí kì í ṣe ẹni tó máa jábọ́. Màrìwò ni mo rí, mo rí ojú Ìyá Bọ̀dé, mo rí ọwọ́ Yèyé. Mo jáde nínú omi, mo gbẹ ara mi, mo jẹ pupurú pẹ̀lú ọbẹ̀ ẹdé lálẹ́ ọjọ́ náà bí ẹni tí kò ṣe nǹkan kan, àfi pé n kò mọ adùn rẹ̀.

Ní òwúrọ̀, ó kàn wá. Mo mú àjẹ̀. Mo kan ìkíní, mo kan ìkejì, ìkẹta, ìkẹrin, ìkarùn-ún. Mo wo ẹ̀yìn, Yèyé ń yẹ ẹja wò nínú ilé. Mo tún kan ìkarùn-ún. Mo fo ìkẹfà, mo bọ́ sórí ìkeje, mo kàn án lọ títí mo fi parí. "Ó pé?" ni Yèyé béèrè láti inú ilé. Mo ní, "Ó pé, Yèyé." Ó ní, "Ọmọ mi àtàtà." Láti ìgbà yẹn ni ìyà mi ti bẹ̀rẹ̀. Ta ló máa tẹ̀ ẹ́? Mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà, mo ń ṣe bí ẹni tó ń ṣa ẹdé, ojú mi ò kúrò lórí pákó yẹn. Adìẹ kan gun orí rẹ̀, mo sé èémí mi. Àwọn ọmọ méjì sáré kọjá, mo di ojú. Ìyá Bọ̀dé ló wá tẹ̀ lé wọn pẹ̀lú agbada ẹja lórí, obìnrin náà sì tóbi. Bó ṣe tẹ̀ ẹ́, ó dún hùn. Ó kọjá. Ó bojú wẹ̀yìn, ó ní, "Mojí, kí ló dé tí o ń wò mí bí ẹni tó rí iwin?" Mo ní kò sí, mà. Nígbà tó lọ, mo bẹ̀rẹ̀ sí í rò pé bóyá ó máa dúró, pé bó bá lè gbé Ìyá Bọ̀dé, ta ló kù? Mo bẹ Ọlọ́run pé kó bá mi mú un dúró títí Yèyé á fi lọ sọ́jà ní Mahintedo, kí n lè rọra wá ìṣó àti igi fi tì í lábẹ́. Ohun tí mo rò nìyẹn. Mo gbàgbé àílà pátápátá.

Kẹ́tùlù rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ gbọ́, ìdérí rẹ̀ máa ń ró wọ́rọ́-wọ́rọ́. Yèyé ti jáde wá jókòó tì mí. "Àfáà, ẹ kú ọ̀sán o." "Ìyá Ayọ̀, ẹ kú iṣẹ́ ẹja. Mojí ńkọ́?" Yèyé ní mo wà níbí. Mo tẹjú mọ́ ẹdé tí mo ń ṣà. Mo fẹ́ pariwo pé ẹ dúró, ṣùgbọ́n bí mo bá pariwo, Yèyé á bi mí pé kí ló dé, mo sì mọ ìdáhùn. Ó tẹ ìkíní. Ó tẹ ìkejì. Nígbà tó dé orí ìkarùn-ún, ó dúró díẹ̀, bí ẹni tó fẹ́ rántí nǹkan. Mo rò pé Ọlọ́run ti dá mi lóhùn. Ó mi orí, ó gbé ẹsẹ̀, ó sì tẹ̀ ẹ́. Pákó náà là sí méjì, ẹsẹ̀ rẹ̀ ọ̀tún wọlé títí dé itan, ara rẹ̀ sì ń lọ síwájú. Mo gbọ́ ohùn egungun náà. N kò ní sọ bó ṣe dún. Kẹ́tùlù yí lọ, ó já sínú ẹrẹ̀, torí omi ti fà. Yèyé figbe ta, "Yéè! Ẹ gbà wá o!" Gbogbo abúlé tú jáde, èmi ò dìde níbi tí mo jókòó sí.

Omi tó fà yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á. Gbogbo ọkọ̀ jókòó sórí ẹrẹ̀, kò sí èyí tó ṣeé tì jáde. Ilé ìwòsàn kékeré tí wọ́n kọ́ fún wa wà lóòótọ́, wọ́n kùn ún dáadáa, ṣùgbọ́n kò sí nọ́ọ̀sì tó dúró níbẹ̀ rí, adìẹ ló ń yé sórí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀. Wọ́n tẹ́ Àfáà sórí ẹní wa, nínú ilé wa, a sì ń dúró de omi. Ó ń ka àdúrà rẹ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, bí ìrora bá mú un á dákẹ́, á tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Yèyé ń fi aṣọ tútù nu ojú rẹ̀, ó ń sunkún. Mo ń wo àmì omi lára òpó, mo ń wò ó bí ó ṣe ń gòkè díẹ̀díẹ̀, mo ń sọ fún Ọlọ́run pé bí Àfáà bá kú, kó mú èmi náà. Nígbà tí omi kún, wọ́n gbé e lọ sí Ìgbókòdá. Ìrọ̀lẹ́ náà ni Baálẹ̀ pe gbogbo ilé jọ, ó béèrè lọ́wọ́ Yèyé pé ṣé a kan iwájú ilé wa láàárọ̀. Yèyé dìde. Ó sọ̀ kalẹ̀ lórí àkàsọ̀, ó ti ìka bọ omi, ó fi kan ahọ́n. Nílẹ̀ wa, ẹni tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ ti búra tán. Ó ní, "Mẹ́tàlá ni ọmọ mi kàn, mẹ́tàlá ni mo gbọ́. Bí mo bá purọ́, kí omi tó ń bọ́ mi yìí má mọ̀ mí mọ́." Baálẹ̀ ní ó tán, igi ló dalẹ̀ wa.

Ẹ̀yin ará, bí ẹ bá fẹ́ mọ ohun tí ẹ̀rù ń jẹ́, ẹ jẹ́ kí ẹni tó fẹ́ràn yín búra lórí irọ́ yín, kó sì máa wọ inú omi lójoojúmọ́. Bí Yèyé bá ti tú okùn ọkọ̀ rẹ̀, màá tẹ̀ lé e dé etí omi. Bó bá lọ yẹ àwọ̀n wò, màá dúró létí afárá títí ojú á fi máa ro mí. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í tọ̀ sílé. Yèyé ní ibà ni, ó ń po àgbo kíkorò fún mi, ó ń gbé mi sórí itan rẹ̀, ìyẹn gan-an ló wá ń pa mí. Abúlé náà ti yí padà. Àwọn ọkùnrin bẹ̀rẹ̀ sí í mú ọ̀pá rìn. Ọjọ́ kan, lẹ́yìn tí a ti pààrọ̀ ìkẹfà, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kan pákó mẹ́tẹ̀ẹ̀tàlá tán, tòótọ́ tòótọ́, Ìyá Bọ̀dé sì dé, ó mú àjẹ̀ tirẹ̀, ó tún gbogbo rẹ̀ kàn kó tó tẹ̀ ẹ́. Yèyé rí i. Yèyé tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi, ó wọlé, ó jókòó, kò sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú. Kò pẹ́ sí i, ìjì bá a lójú omi. Ó dé lẹ́yìn ìgbà tí gbogbo àwọn yòókù ti dé, ara rẹ̀ tutù rinrin, ìgbì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ da ọkọ̀ rẹ̀ dé. Ó ń rẹ́rìn-ín, ó ní, "Omi ní òun fẹ́ bá mi ṣeré." Mo wólẹ̀, mo gbá ẹsẹ̀ rẹ̀ mú, mo ké bí ẹni tí wọ́n kú fún. Ó rò pé ayọ̀ ni.

Oṣù mélòó kan lẹ́yìn náà, ọkọ̀ gbé Àfáà dé. Ó yè, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ kan ti kúrú ju èkejì lọ. Kí wọ́n tó kí i tán, mo ti wà níbẹ̀, mo dúró títí ilé fi ṣófo. Mo kúnlẹ̀. Mo ní, "Àfáà, èmi ni."

Ó ní, "Mo mọ̀."

"Ìkarùn-ún ni mo kàn lẹ́ẹ̀mejì."

"Mo gbọ́ ọ láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ìkarùn-ún yín máa ń sọ̀rọ̀ gba imú. Ìkẹfà kì í ṣe bẹ́ẹ̀."

Orí mi wú. "Ẹ gbọ́? Kí ló dé tí ẹ wá tẹ̀ ẹ́?"

Ó fi ọwọ́ wá orí mi, ó rí i, ó gbé ọwọ́ lé e. "Mo dúró. Mo ní, Sùlé, o ti ń darúgbó, etí rẹ ti ń tàn ọ́ jẹ. Mojí ló kàn án, Mojí kì í fo pákó. Mo pe etí mi lópùrọ́ kí n má baà pe ọmọ Ìyá Ayọ̀ bẹ́ẹ̀."

Ẹkún ni mo fi sọ ìyókù. Mo sọ fún un nípa omi tí Yèyé lá, pé ó máa kú, pé kó bá mi bẹ omi náà. Ó bi mí pé kí ló wí gan-an nígbà tó ń búra. Mo sọ fún un. Ó ní, "Mẹ́tàlá ló ní òun gbọ́? Mẹ́tàlá náà ni èmi gbọ́. Yèyé rẹ kò búra èké, omi kò ní nǹkan kan bá a fà. Ọ̀rùn tìrẹ ni ọ̀rọ̀ wà. Lọ sọ fún un. Èmi ò ní bá ọ sọ ọ́."

Yèyé ń fọ́ pupurú sínú igbá nígbà tí mo dé. Mo dúró síbi tí ọwọ́ rẹ̀ ti lè tó mi, mo sì sọ gbogbo rẹ̀, láti orí tẹ́ń-tẹ́ń títí dórí ìbúra. Mo di ojú, mo ń dúró de ìgbátí. Kò wá. Nígbà tí mo lajú, ó ń fọ ọwọ́ rẹ̀, ó ń fọ̀ ọ́, ó ń fọ̀ ọ́, bí ẹni pé nǹkan kò fẹ́ bọ́. Ó mú àdá, ó gé màrìwò, ó jáde, ó so ó sí ìbẹ̀rẹ̀ iwájú ilé wa, ó so ó sí òpin rẹ̀, lójú gbogbo ayé, Yèyé mi. Ìyá Bọ̀dé sáré jáde. "Ìyá Ayọ̀, ṣé pákó yín tún bàjẹ́ ni?" Yèyé ní, "Pákó yè. Ẹnu ilé wa ló jẹrà. Ẹ bá wa wọ ọkọ̀ yí i ká." Ó sì sọ gbogbo rẹ̀ fún un bí mo ṣe sọ ọ́, ó tún wá bẹ̀ ẹ́ nítorí ọ̀rọ̀ tó sọ sí i lọ́jọ́ màrìwò tirẹ̀. Ọjọ́ méje ni màrìwò yẹn fi wà níbẹ̀. N kò jáde nílé. Lọ́jọ́ kẹjọ, Yèyé tú u, ó na àjẹ̀ sí mi, ó ní, "Kàn án, kí wọ́n gbọ́." Mo kàn án. Mo pe nọ́ńbà pákó kọ̀ọ̀kan sókè, títí dé ìkẹtàlá.

Ní àkókò àílà ọjọ́ náà, mo gbọ́ ìdérí kẹ́tùlù. Àfáà Sùlé ń bọ̀, ó ń tiro, kò mú ọ̀pá. Ó kọjá iwájú ilé kan, ó kọjá òmíràn, kò dúró, kò fọwọ́ wá nǹkan kan. Nígbà tó dé ìbẹ̀rẹ̀ tiwa, ó dúró. Ó kí Yèyé, Yèyé kí i. Ó kó tẹ̀sùbáà sápò, ó sì na ọwọ́ tó ṣófo síwájú. Mo dìde, mo lọ dì í mú, mo mú un gba orí pákó mẹ́tàlá kọjá, nígbà tí a parí rẹ̀ ó jọ̀wọ́ ọwọ́ mi, ó ń dá lọ. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe títí ó fi kú. Ilé mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló máa ń dá kọjá. Bó bá dé iwájú tiwa, á dúró, á na ọwọ́.